Gẹ̀ẹ́sì ẹnu tíṣà: ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ TP máa ń bi mí

Ilé ìwé ìjọba kan lágbègbè Ṣómólú ni mo ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọdún tí wọn kì í fi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí wa fún TP (teaching practice, ìgbà tí wọ́n ń fi kíkọ́ni kọ́ra), ọrùn èmi ni wọ́n sì máa ń já wọn lé. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ní yàrá àwọn tíṣà lásìkò oúnjẹ ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lọ́dọọdún, ni mo bá kó wọn jọ síbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti le, ẹ má bínú, iṣẹ́ ló fà á.

Ma, mo gba B3 nínú Gẹ̀ẹ́sì ní WAEC, JAMB náà ò dá mi dúró. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ kọ́?

Ẹnu ló kù. Wo ìdánwò tó o ṣe yẹn dáadáa. Nínú ìbéèrè 180 tó wà nínú UTME, ìdánwò JAMB yẹn, 60 jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tí wọ́n yọ̀ǹda fún pé kó má ṣe é, ì báà jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ lọ kà. Ṣùgbọ́n o ò fọwọ́ ara rẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀, A, B, C, D lo tẹ̀. Ti WAEC sàn díẹ̀, torí o kọ àròkọ. Pépà kẹta ńkọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Oral? Ní Nàìjíríà níbí, ìbéèrè 60 ni, ìwé la sì ń kun ìdáhùn sí. Ìdánwò ẹnu tẹ́nì kankan ò la ẹnu! Èèyàn lè gba A1 láì tíì sọ "fifteenth" sétí ẹnikẹ́ni rí.

Kíláàsì ò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan wá ṣe TP lọ́dọ̀ wa nígbà kan, ìwé rẹ̀ mọ́, ó mọ orúkọ gbogbo "clause" tó wà láyé. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ JSS 2 ká bébà sí méjì, kí wọ́n kọ orúkọ sí apá òsì lókè. Ó wúkọ́, ó ní: "You will now proceed to divide your sheet into two equal halves." Ọmọ tó lé ní àádọ́ta ń wò ó. Ọmọkùnrin kan níwájú wo ojú tíṣà, ó wo bébà, ó sì fà á ya. Kí tíṣà tó yíjú, krà, krà, krà ti gba gbogbo kíláàsì. Mo dìde níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn, mo gbé bébà kan sókè: "Fold it. Like this. Name here." Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré. Bébà tuntun ló wá dìṣòro, torí wọ́n ti ya tọwọ́ wọn.

Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ wa nìyẹn: kó o pàṣẹ kó yé ọmọ, kó o béèrè ìbéèrè tí ọmọ lè dáhùn, kó o tún ọ̀rọ̀ sọ lọ́nà mìíràn bí tàkọ́kọ́ ò bá wọlé, kó o báni wí láì bú ọmọ, kó o sọ ìtàn kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn náà gbọ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lójú fèrèsé. JAMB ò dán ẹ wò nínú ọ̀kankan.

Ibo ni mo ti lè kọ́ iṣẹ́ yìí ní Èkó?

Wọ́n dá UNILAG tó wà ní Akọkà sílẹ̀ ní 1962, wọ́n dá LASU tó wà ní Ọjọ́ sílẹ̀ ní 1983, àwọn méjèèjì ló ní fákọ́tì tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà. Ní 2022, ìjọba Èkó pa Adéníran Ògúnsànyà ti Ìjánikin pọ̀ mọ́ Michael Ọ̀tẹ́dọlá ti Nóforíjà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ó sọ wọ́n di yunifásítì olùkọ́ tí gbogbo èèyàn ń pè ní LASUED. Ọdún mẹ́ta ni NCE, ìwé ẹ̀rí tíṣà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fúnni, ọdún mẹ́rin ni dìgírì. Ẹni tó bá gba NCE tẹ́lẹ̀ lè gba Direct Entry bọ́ sí 200 Level. Lẹ́yìn náà ni wàá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀.

Bó o bá bi mí léèrè, àwọn tó ti gba NCE wá ni ara mi máa ń yá sí jù. Ọmọ ti rí wọn fín rí.

GST, ìyẹn Use of English tí wọ́n kọ́ wa ní 100 Level, kò tó ni?

Kò tó. Lọ, kọ nótì, ṣe ìdánwò, kó o yege. Nínú gbọ̀ngàn tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ti ń fara ti ògiri, ìgbà mélòó ló kàn ẹ́ láti sọ̀rọ̀?

Ṣé dandan ni kí n máa sọ ọ́ bí òyìnbó?

Rárá o. Àwọn tó ń fi imú sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, tí wọn ò sì kọjá Oyìngbò rí, àwọn ọmọ ń sín wọn jẹ bí wọ́n bá ti jáde. Mo máa ń gbọ́ ọ.

Ohun tí mò ń wá ni kí ọ̀rọ̀ méjì má di ọ̀kan lẹ́nu rẹ. Yorùbá ò ní ìró "v", kò ní "z", kò ní "ch", kò ní "th" méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí "van" fi ń di "fan", tí "zip" ń di "sip", tí "chair" ń di "share", tí "thin" ń di "tin". Bí àgbàlagbà lò ń bá sọ̀rọ̀, kò sí wàhálà, á mọ ohun tó o ní lọ́kàn. Ọmọ kékeré ò ní mọ̀ ọ́n, pàápàá nígbà àpèkọ. Lọ́jọ́ kan, mo gba ìwé àpèkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ TP kan pè, mo sì rí "The fan stopped in front of the shop" nínú ìwé ọmọ mẹ́rìnlélógún. "Van" ló wà nínú ìwé ọwọ́ tíṣà. Ta ni kí n wá fún ní òdo?

Ó ṣeé tún ṣe, kò sì gbówó. Fi eyín òkè le ètè ìsàlẹ̀, kó o gbé ìka lé ọ̀nà ọ̀fun. Sọ "fff", ọ̀fun ò ní mira. Sọ "vvv", wàá rí i tó ń gbọ̀n bíi fóònù tí wọ́n yí ohùn rẹ̀ pa. Bákan náà ni "s" àti "z". Fún "ch", sọ "t", kó o sì fi "ṣ" lé e kíá, kí méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan. Ti "th", ahọ́n gbọ́dọ̀ yọjú díẹ̀ láàárín eyín. Ojú á kọ́kọ́ tì ẹ́ níwájú dígí, fara dà á.

Fáwẹ́lì ló le jù. Fáwẹ́lì àìránmúpè méje la ní. Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní méjìlá, láì tíì ka àwọn alápapọ̀. "I" wa kan ṣoṣo wá ń ru ẹrù "ship" àti "sheep", "u" wa ń ru ti "full" àti "fool". Ti kóńsónáǹtì tún wà níbẹ̀: Yorùbá kì í fi kóńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, kì í to méjì léra, ló jẹ́ kí "bread" di búrẹ́dì, kí "brick" di bíríkì. Nínú Yorùbá, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Lójú bọ́ọ̀dù, ọmọ tó gbọ́ "filimu" lẹ́nu rẹ á kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà tí kò sí níbẹ̀.

Ti "h" nìkan ni mi ò ní àwíjàre fún. A ní "h" tiwa, síbẹ̀ èèyàn á yọ ọ́ kúrò níbi tó wà, á sì lọ fi í síbi tí kò sí: "I ham appy." Mi ò mọ ohun tí "h" fi ṣe wá.

"Stress", ìyẹn ìtẹnumọ́ sílébù, ò yé mi láti SS 1.

O mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ni kò sọ fún ẹ pé o mọ̀ ọ́n.

Pe gómìnà. Ohùn òkè wà lórí "gó", ìyókù wálẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ńkọ́? GOvernor. Pe tíṣà: TEAcher. Pe tábìlì: TAble. Ó dáa, wá pe kọ̀ǹpútà. Kí ló dé tí ohùn òkè ò sí níbẹ̀rẹ̀ mọ́? Torí comPUter lòyìnbó ń wí. Yunifásítì ńkọ́? UniVERsity. Àwọn tó kọ́kọ́ fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sẹ́nu Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò jókòó sí kíláàsì Oral rí. Etí ni wọ́n fi gbọ́ ibi tí òyìnbó ti tẹ ọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé ohùn òkè lé e lórí. Kì í bọ́ sí i nínú gbogbo ọ̀rọ̀, dókítà fún àpẹẹrẹ ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti fi la etí.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Yorùbá máa ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Òjòwú ni Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fa ọ̀kan gùn, ó sì ń gbé ìyókù mì. Bó o bá pe gbogbo sílébù "comfortable" ní dọ́gbadọ́gba bí ẹni ń ka owó, a ó gbọ́ ẹ ní Bárígà, ẹni tó wá láti ibòmíràn á ní kó o tún un sọ. Mú bírò, máa fi gbá tábìlì níbi tí ìtẹnumọ́ wà: PHOtograph, phoTOgrapher, photoGRAphic. Ọ̀rọ̀ kan náà, ibi mẹ́ta. REcord ni ohun tí a tọ́jú, reCORD ni iṣẹ́ títọ́jú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ fún oṣù kan tó. Bí wọ́n bá bú ẹ nítorí ariwo, jáde síta.

Girámà mi tọ̀nà, síbẹ̀ sùpáfáísọ̀ kọ ọ́ sí ìwé mi pé Yorùbá ni mò ń túmọ̀. Níbo?

Lára ọ̀rọ̀ ìṣe wa ni. Wo "yá". "Yá mi ní bírò." "Mo yá bírò lọ́wọ́ ẹ̀." Ọ̀rọ̀ kan ló ń lọ tó ń bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì, "lend" fún ẹni tó ń fúnni, "borrow" fún ẹni tó ń gbà, bẹ́ẹ̀ la ṣe bí "Borrow me your biro." Wo "kọ́". Tíṣà ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ìwé. Wo "gbọ́": à ń gbọ́ ohùn, à ń gbọ́ òórùn, ni ọmọ bá kọ "I can hear the smell of the fish." Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn o, kí n má purọ́. WAEC ò ní fẹ́ràn rẹ̀.

Èyí tó ń bá àwọn tíṣà tuntun jà jù ni "wọ́n". Ọmọ á sáré wá: "They are calling you, ma." Àwọn wo? Púríńsípà nìkan ṣoṣo ni. Ọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́, kò sì yẹ ká nà án nítorí pé ilé kọ́ ọ dáadáa. Sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ò ní "wọ́n" àpọ́nlé, inú "ma" àti inú ohùn lèèyàn ń kó ọ̀wọ̀ sí. "The principal is calling you, ma." Ó parí.

Ní tèmi, mi ò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. "Well done" tí a fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, "sorry" tí a sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà nìyẹn, ó yé gbogbo wa láti Badagry dé Maiduguri. Kí ni òyìnbó fẹ́ fi rọ́pò "ẹ kú ìjókòó"? Èyí tó bá lè gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tàbí tó lè ṣi ẹni tó gbọ́ ọ lọ́nà ni kó o dojú kọ. "I'm coming" tó ò ń sọ bó o ti ń jáde lọ wà láàárín méjèèjì. Mo ṣì ń sọ ọ́ fúnra mi.

Ṣé kí n pa Yorùbá tì kí Gẹ̀ẹ́sì mi lè já gaara?

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?

Gbọ́ ti Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní 1970 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's ní Módákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì wá tíṣà tó mọ̀ ọ́n dunjú láti máa kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, wọn ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni apá ìgbẹ̀yìn yẹn: wákàtí díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ èdè náà sàn ju odidi ọjọ́ lọ lọ́wọ́ ẹni tí kò dá a lójú.

Ìjọba ń yí ìlànà padà. Ní 2022, Àbújá ní èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ jálẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n ní ó tì, Gẹ̀ẹ́sì ni. Òfin Èkó ti 2018 sì sọ Yorùbá di iṣẹ́ dandan nílé ìwé. Èyí tó wù kó wà lóde nígbà tó o bá gba iṣẹ́, ọmọ tó wà níwájú rẹ á ṣì máa fi èdè tó gbọ́ nílé ronú. Ní kíláàsì mi, bí mo bá ti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mejì ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò wọlé, mo máa ń fi Yorùbá sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí n tó padà. Nínú kíláàsì tí ọmọ Igbo àti Ẹ̀gùn wà, mo máa ń ṣọ́ra kí n má bàa fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ síta.

Pidgin ńkọ́?

Lò ó lọ́jà. Kò ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ jẹ́, àfi bó ò bá mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò ni mo fẹ́ kọ́, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé èyí kàn mí?

Kàn ẹ́ jù. Tíṣà ìṣirò kan kọ 8 àti 5 sí bọ́ọ̀dù, ó ní: "What is the difference?" Ọmọ nawọ́: 8 ní ihò méjì, 5 ò ní. Ọmọ yẹn ò gọ̀. "Product", "volume", "table", "power": gbogbo wọn ní ìtumọ̀ kan lọ́jà, wọ́n ní òmíràn nínú ìwé rẹ. Ìwọ lo máa sọ fún wọn.

Ẹnu mi máa ń wúwo. Ó wà lọ́kàn mi, kì í jáde. Báwo ni mo ṣe lè fi kọ́ra?

Fóònù rẹ ni tíṣà àkọ́kọ́. Lálẹ́, tan ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, kó o ṣàlàyé nǹkan tó o mọ̀ dáadáa ní Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú méjì: bí wọ́n ṣe ń dín dòdò kó má mu epo jù, bí èèyàn ṣe ń ti Ọ̀jùẹ́lẹ́gbà dé Kétu láì gba ọkọ̀ mẹ́ta. Má kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Gbọ́ ọ. Inú rẹ ò ní dùn, kò sẹ́ni tí inú ẹ̀ ń dùn. Ka iye ìgbà tó o sọ "like" àti "em". Wá tún un sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí ọ̀rọ̀ dín sí ìdajì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ni iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, wá ọ̀rẹ́ méjì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹnì kan á kọ́ni fún ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn méjì á ṣe ọmọ aláìgbọràn: ọ̀kan á máa sùn, ọ̀kan á máa béèrè "Aunty, can I go and ease myself?" ní gbogbo ìgbà. Ẹ máa fi ṣẹ̀fẹ̀, àmọ́ nígbà tó o bá dé kíláàsì gidi, ẹnu rẹ á ti mọ ohun tó máa sọ. Ka ìtàn sókè fún àwọn ọmọ àdúgbò tàbí ti Sunday school. Wọn ò ní fi ojú rere pa irọ́ fún ẹ. Bí kò bá dùn, wọ́n á dìde lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Mo ti lé lógójì ọdún, nọ́sírì ni mo ti ń kọ́ni ní Múṣin, sandwich, ẹ̀kọ́ ìgbà ọlidé, ni mò ń ṣe. Ṣé ahọ́n mi ò tíì le jù?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ìró á gbà yín lásìkò díẹ̀ ju ti àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n ẹ ti ní ohun tí wọn ò ní: ẹ mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ò yé ọmọ, ojú rẹ̀ lẹ ń wò. Ìró méjì péré ni kẹ́ ẹ mú lọ́dún yìí, "v" àti "ch". Ẹ wá ọ̀rọ̀ ogún tó ń bọ́ sí yín lẹ́nu lójoojúmọ́ ní kíláàsì, "chair", "chalk", "seven", "every", kí ẹ sì máa pè wọ́n títí wọ́n á fi dán bíi wúrà. Ẹ jẹ́ kí ìyókù dúró.

Kíkọ sí bọ́ọ̀dù, lesson note, ọ̀rọ̀ inú report card?

Kúkúrú ni mo fẹ́. Lórí lesson note, kọ ohun tí ọmọ á lè ṣe, má kọ "students should understand". Báwo lo ṣe fẹ́ rí òye? Lórí report card, yàgò fún "He can do better" tí a ń kọ fún ogójì ọmọ. Kọ nǹkan kan tó o rí: "He reads well but rushes his spelling." Ìyá rẹ̀ á kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọmọ bá tún Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe níwájú gbogbo kíláàsì ńkọ́?

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ kejì TP tèmi. Mo kọ àkọlé sí bọ́ọ̀dù gàdàgbà: PRONOUNCIATION. Ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ iwájú nawọ́, ó ní, "Aunty, please, there is no O after the N." Mo rẹ́rìn-ín ìyàngì. Mo ní kó jókòó, pé ṣebí "pronounce" ni a ti rí i? Kíláàsì dákẹ́. Ó jókòó.

Nígbà tó di alẹ́, mo ṣí díkíṣọ́nnárì nílé, ara mi bù máṣọ. Kì í ṣe sípẹ́lì nìkan ni mo ṣì, bí mo ṣe ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti dáyé náà ò tọ̀nà. Ní ọjọ́ kejì, mo kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù bó ṣe yẹ, mo sọ fún wọn pé òun ló gbà, èmi ni mo ṣì í, mo sì ní kó wá pè é fún wa. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A tẹ̀ lé e.

Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bọ́ọ̀dù mi bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀ wò kí n tó kúrò nílé. Títí di bí mo ti ń wí yìí, ọwọ́ mi ṣì máa ń dúró díẹ̀ bí mo bá dé ibi "nun" yẹn.